Ọmọ Orí Ìwé: Ìtàn Àdúgbò Ṣáínà ní San Francisco

Àwọn tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ mọ̀ sí ará Ṣáínà kò wá láti gbogbo Ṣáínà. Agbègbè kékeré kan ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ní ìhà gúúsù, ní ìpínlẹ̀ Guangdong, níbi tí odò Pearl ti ń wọ òkun: Toisan àti àwọn ìlú mẹ́ta tó múlé gbè é. Òkè àti àpáta ló pọ̀ nílẹ̀ ibẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn kì í sì í bọ́ wọn dé ìkórè mìíràn. Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ti Ṣáínà nítorí opíọ́mù ti da ọjà rú. Kò pẹ́ sí i tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀yà méjì tó jọ ń gbé Guangdong náà sì tún dojú ìjà kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n èbúté Canton àti Hong Kong kò jìnnà, ọkọ̀ òkun òyìnbó sì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ déédéé. Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n rí wúrà ní Kalifọ́níà ní oṣù kìíní ọdún 1848, àwọn ará Toisan kò dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Gam Saan ni wọ́n pe ibẹ̀, Òkè Wúrà.

San Francisco fúnra rẹ̀ kò ju abúlé etíkun lọ nígbà náà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1848 kò tó 1,000. Kí 1849 tó parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 25,000. Ní 1852 nìkan, ará Ṣáínà tó gba èbúté ìlú náà wọlé lé ní 20,000. Gbèsè ni ọ̀pọ̀ fi san owó ọkọ̀, wọ́n sì ní láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bọ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Kí wọ́n kówó jọ, kí wọ́n padà sílé lọ ra ilẹ̀, kí wọ́n kọ́lé, ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Díẹ̀ ló wá pẹ̀lú èrò àtikú síbẹ̀. Ìtòsí Portsmouth Square, ní òpópónà Sacramento àti Dupont, ni wọ́n ń dé sí, ibẹ̀ sì ni ilé oúnjẹ wọn, ìsọ̀ oògùn wọn àti ilé òrìṣà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yóò bá aṣojú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ní èbúté, tó ń fi èdè abínibí wọn kí i káàbọ̀. Huiguan ni orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ ṣe ń gbé Parapọ̀ wọn kiri títí dé Ghana kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹgbẹ́ náà ń fún àlejò ní ibùsùn, ó ń wá iṣẹ́ fún un, ó ń parí ìjà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa dá irú èsúsú kan láàárín ara wọn, tí ẹni tó fẹ́ ṣí ìsọ̀ fi ń rí owó ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á hú egungun rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á dì í sínú àpótí, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí le pẹ̀lú. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ṣe àdéhùn pé kí wọ́n má gbé ará Ṣáínà kankan padà sílé àfi tó bá mú ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, èyí tó fi hàn pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn, àwọn ará wọn ló sì kọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá wọ̀nyí ni wọ́n wá para pọ̀ di èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Six Companies. Òun ló ń gba agbẹjọ́rò fún àdúgbò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí tí mo fi sọ èyí yóò hàn láìpẹ́.

Lójú kùsà, Kalifọ́níà ti gbé owó orí lé àjèjì awakùsà lórí láti 1850: 20 dọ́là lóṣù. Wọ́n mú un kúrò, wọ́n sì tún gbé òmíràn dé ní 1852, 3 dọ́là, lẹ́yìn náà 4. Gbogbo àjèjì ni òfin náà sọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni agbowó-orí máa ń gbà lọ. Ní 1854 ni èyí tó burú jù dé. Òyìnbó kan, George Hall, pa awakùsà ará Ṣáínà kan, Ling Sing. Àwọn tó rí i lójú kòrókòró, tí wọ́n jẹ́ ará Ṣáínà, jẹ́rìí, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Ilé-ẹjọ́ gíga Kalifọ́níà da ìdájọ́ náà nù, ó ní òfin tó sọ pé aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Ìńdíà Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí lòdì sí òyìnbó, ó kan ará Ṣáínà pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ jà wọ́n lólè kò ní láti ṣe ju kó rí i dájú pé kò sí òyìnbó kankan nítòsí.

Wọ́n ti kọ ìtàn ojú irin tó, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti 1865 ni ilé-iṣẹ́ Central Pacific ti ń gbà wọ́n síṣẹ́, iye àwọn tó ṣe é lápapọ̀ sì wà láàárín 12,000 sí 20,000. Àwọn ni wọ́n fi òòlù, irin àti ẹ̀tù lu àpáta òkè Sierra Nevada já, nínú yìnyín tó ń ya bo àgọ́ wọn. Ní oṣù kẹfà 1867, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n fẹ́ owó tó bá ti òyìnbó dọ́gba, wọ́n sì fẹ́ kí wákàtí iṣẹ́ inú ihò dín kù. Wọn kò ba nǹkan kan jẹ́, wọn kò lu ẹnikẹ́ni. Charles Crocker, tó ń darí iṣẹ́ náà, gé oúnjẹ wọn kúrò, ebi sì dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Nínú àwòrán olókìkí tí wọ́n yà ní Promontory ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869, nígbà tí ojú irin ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn pàdé, èèyàn á wá ojú ará Ṣáínà tì.

Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n rọ́ padà sí San Francisco. Wọ́n ń ká sìgá, wọ́n ń rán bàtà, wọ́n ń fọṣọ. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sì dojú dé ní 1873. Òyìnbó tí kò níṣẹ́ wo ẹni tó ń gba owó kékeré ṣiṣẹ́, ó sì rí ọ̀tá. Kò wo ẹni tó ń san owó kékeré náà. Ẹni tó jẹ́ ẹnu fún ìbínú yìí ni Denis Kearney, tí òun fúnra rẹ̀ wọkọ̀ òkun wá láti Ireland. Yóò dúró sórí ilẹ̀ yanrìn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọba ìlú, yóò sì máa pariwo pé dandan ni kí àwọn ará Ṣáínà lọ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ní oṣù keje 1877, àwọn jàǹdùkú ti dáná sun ilé ìfọṣọ àwọn ará Ṣáínà káàkiri ìlú.

Iná ti àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kò jó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ju ti jàǹdùkú lọ. Wọ́n ti ṣe òfin kan ní 1870 pé yàrá gbọ́dọ̀ ní 500 kúbíìkì fíìtì afẹ́fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ń sùn níbẹ̀. Òfin ìlera ni wọ́n pè é. Àdúgbò Ṣáínà nìkan ni ọlọ́pàá ti ń wọn yàrá. Àwọn ará ibẹ̀ kọ̀, wọn kò san owó ìtanràn, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n ìlú kún dé ibi pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò ní afẹ́fẹ́ tó iye tí òfin sọ. Ìgbìmọ̀ wá ṣe òfin mìíràn ní 1876: ẹni tó bá wọ ẹ̀wọ̀n, wọ́n á gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ ìjọba ọba Ṣáínà ìgbà náà, ọkùnrin tí kò ní irun gígùn tí wọ́n dì sẹ́yìn, ọlọ̀tẹ̀ ni. Ho Ah Kow, tí wọ́n gé tirẹ̀, pe ṣẹ́rífù ìlú lẹ́jọ́. Adájọ́ Stephen Field dá a láre ní 1879, wọ́n sì san 10,000 dọ́là fún un. Ẹ fi orúkọ adájọ́ yìí sọ́kàn.

Àwọn alágbàfọ̀ ló wá gbé ẹjọ́ tó tóbi jù dé. Òfin ìlú tó jáde ní 1880 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọṣọ fún owó nínú ilé onípákó láìgba ìyọ̀ǹda. Nínú nǹkan bí 320 ilé ìfọṣọ tó wà ní San Francisco, pákó ni 310, ará Ṣáínà ló sì ni bí 240. Nǹkan bí 200 ará Ṣáínà kọ̀wé béèrè ìyọ̀ǹda, wọn kò fún ẹyọ ẹnì kan. Ti àwọn òyìnbó, bí 80, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan tí wọn kò fún. Yick Wo ni orúkọ tó wà lórí ẹjọ́ náà. Orúkọ ìsọ̀ ni, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ẹni tó ni ìsọ̀ náà ti ń fọṣọ níbẹ̀ fún ọdún 22, wọ́n sì kọ orúkọ ìsọ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1886, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington fohùn ṣọ̀kan pé bí òfin kò tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀yà kankan, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni àwọn yóò wò, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yálà ọmọ ilẹ̀ náà tàbí àjèjì, ààbò òfin wà lórí rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń kọ́ ẹjọ́ alágbàfọ̀ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin.

Ti ìdílé Tape kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1884 ni Joseph àti Mary Tape mú ọmọ wọn Mamie, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere, lọ sí ilé-ìwé Spring Valley, ọ̀gá ilé-ìwé sì ní òun kò gbà á. Wọ́n jàre ní ilé-ẹjọ́ gíga Kalifọ́níà ní 1885. Kí inú wọn tó dùn tán, ìjọba ti yára ṣe òfin tuntun tó fàyè gba ilé-ìwé ọ̀tọ̀ fún ọmọ Ṣáínà. Mary kọ lẹ́tà ìbínú sí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, lẹ́tà tó gbóná débi pé òun ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ọ̀tọ̀ náà ni Mamie padà lọ.

Nígbà yìí, ilẹ̀kùn ti tì. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1882 ni Ààrẹ Chester Arthur fọwọ́ sí òfin tó sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà tó gbọ́dọ̀ wọ Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́wàá, èyí tó ti wà níbẹ̀ kò sì lè di ọmọ ilẹ̀ náà. Oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti arìnrìn-àjò nìkan ló lè wọlé. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ìwé wá di ẹ̀mí èèyàn. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ kí ilé yóò gba ìwé ẹ̀rí tí yóò fi padà wọlé. Chae Chan Ping, tó ti gbé San Francisco fún ọdún 12, gba tirẹ̀ ní 1887, ó lọ sílé. Ó ti wà lójú òkun, ó ń padà bọ̀, nígbà tí òfin mìíràn jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1888 tó sọ gbogbo ìwé náà di pépà lásán. Ó gúnlẹ̀ lọ́jọ́ 8. Nǹkan bí 20,000 èèyàn ló wà nínú irú ipò rẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ dé Washington, ó sì jẹ̀bi, adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà ni Stephen Field. Ẹni tó dá Ho Ah Kow láre lórí irun rẹ̀ kan náà ló ní ìjọba lágbára láti lé ẹni tó bá wù ú. Mo ti ka àlàyé oríṣiríṣi lórí ọkùnrin yìí. Lójú tèmi, kò gbà kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó ti wọlé, ṣùgbọ́n kò bìkítà fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú gbogbo wọn, Wong Kim Ark ni orúkọ rẹ̀ pẹ́ jù lẹ́nu. Alásè ni, San Francisco ni wọ́n bí i sí, ní òpópónà Sacramento. Ó lọ sí Ṣáínà, ó padà dé ní 1895, àwọn aṣọ́bodè ní ọmọ Ṣáínà ni, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Orí ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi í sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń wo ìlú tí wọ́n ti bí i láti ojú omi. Six Companies gba agbẹjọ́rò fún un. Ní 1898, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ ní ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, bí àwọn òbí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àjèjì. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston tàbí Maryland nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń kàwé lórí físà, tó sì gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí ẹjọ́ alásè yìí ló dúró lé. Nígbà tí Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025 láti gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, orúkọ Wong Kim Ark ló kún inú ìwé àwọn agbẹjọ́rò tó dìde sí i.

Kò yẹ kí n ya àdúgbò náà bí ilé àwọn ẹni mímọ́. Ní 1890, ní gbogbo Amẹ́ríkà, ọkùnrin ará Ṣáínà tó 27 sí obìnrin kan. Òfin 1875 tí wọ́n ní àwọn fi ń dènà aṣẹ́wó ti mú kó nira fún obìnrin èyíkéyìí láti Ṣáínà láti wọlé, ìyàwó ilé pẹ̀lú. Ibi tí ọkùnrin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó kò sí, ilé tẹ́tẹ́, ilé opíọ́mù àti ilé aṣẹ́wó kò ní ṣàì wà, àwọn ẹgbẹ́ awo tó ń jẹun níbẹ̀ a sì máa fi àáké àti ìbọn yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n ń ra ọmọbìnrin ní Canton, wọ́n ń tà á ní San Francisco. Ilé kan wà ní 920 òpópónà Sacramento tí àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ń sá lọ, tí Donaldina Cameron ń darí. Ẹni tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Tien Fuh Wu, ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n tà rí.

Ní oṣù kẹta 1900 wọ́n rí òkú ọkùnrin kan nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní àdúgbò náà, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló pa á. Wọ́n na okùn yí gbogbo àdúgbò ká. Òyìnbó tó wà nínú rẹ̀ jáde, ará Ṣáínà kò gbọ́dọ̀ jáde. Gómìnà Kalifọ́níà, Henry Gage, ní tirẹ̀, ń búra pé kò sí àrùn kankan rárá, kí ọjà ìpínlẹ̀ má bàa bàjẹ́. Àwọn ará Ṣáínà tún lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n tún jàre, okùn sì ká.

Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1906, ilẹ̀ mì. Iná tó tẹ̀ lé e jó fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì fi ilé kan sílẹ̀ ní àdúgbò Ṣáínà. Bí eérú ṣe ń tutù ni àwọn òyìnbó, àwọn sójà kan pẹ̀lú, ń wá inú rẹ̀ fún ago tánganran àti wúrà. Àwọn aṣáájú ìlú ní àyè ti ṣí: ilẹ̀ àárín ìlú ni ilẹ̀ náà, ó dára jù fún wọn, kí wọ́n kó wọn lọ sí Hunters Point lẹ́bàá omi. Aṣojú ìjọba Ṣáínà dáhùn pé ibi tí ilé-iṣẹ́ àwọn wà tẹ́lẹ̀ náà ni àwọn yóò kọ́ ọ sí. Àwọn oníṣòwò ní tí wọ́n bá lé àwọn, ìlú etíkun mìíràn ń bẹ tí yóò gba owó orí àwọn. Àwọn òyìnbó tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ náà kò fẹ́ pàdánù owó ilé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń san iye tí ará Ṣáínà ń san. Ọ̀rọ̀ owó ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Oníṣòwò kan, Look Tin Eli, ló wá mú àbá kan wá. Kí a tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tó jẹ́. Mendocino ní Kalifọ́níà ni wọ́n bí i sí, wọ́n rán an lọ sí Ṣáínà ní kékeré, nígbà tó sì padà dé ní 1884, ní ọmọ ọdún 14, wọ́n dá a dúró ní èbúté. Stephen Field ló ní ọmọ Amẹ́ríkà ni, kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ọdún 14 kí Wong Kim Ark tó jàre. Ọmọ tí wọ́n dá dúró yìí ló wá sọ pé bí àdúgbò àwọn yóò bá dúró, ó gbọ́dọ̀ di ibi tí òyìnbó yóò máa sanwó wá wò. Wọ́n pe ayàwòrán-ilé T. Paterson Ross àti ẹnjiníà A. W. Burgren, òyìnbó ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì kọ́ ilé Sing Chong àti Sing Fat sí ìkóríta òpópónà California àti Grant: irin àti bíríkì nísàlẹ̀, òrùlé onípele tó ká létí lókè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí ní Toisan. Àwọn yòókù wò wọ́n kọ́, àdúgbò Ṣáínà ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà mìíràn sì wò wọ́n kọ́. Àwọn kan ń bínú pé ìtànjẹ ni. Èmi rí i bí òwò, òwò tó sì gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á.

Nǹkan mìíràn jó nínú iná náà: àkọsílẹ̀ ìbí ìlú San Francisco. Ẹni tó bá ní ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òun, kò sí ìwé tí ìjọba yóò fi já a nírọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ Amẹ́ríkà sì lè mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ sílé tó padà dé yóò sọ fún aṣọ́bodè pé ìyàwó òun bí ọkùnrin. Bó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta. Bí ọmọ náà kò bá sí, àyè rẹ̀ wà lórí ìwé, wọ́n sì ń ta àyè náà fún ọmọ ará abúlé tàbí ọmọ ẹni tí kò tan mọ́ wọn rárá. Ọmọ orí ìwé ni wọ́n ń pe irú wọn. Àwọn kan ti ṣírò rẹ̀ pé kí gbogbo ẹni tó ní San Francisco ni wọ́n ti bí òun tó lè jẹ́ olóòótọ́, obìnrin Ṣáínà kọ̀ọ̀kan tó gbé ibẹ̀ kí iná tó jó ì bá ti bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ.

Ìjọba náà kò gọ̀. Ní 1910 wọ́n ṣí àgọ́ kan sí Erékùṣù Angel, láàárín omi San Francisco. Òyìnbó tó bá ti ọkọ̀ kan náà bọ́ sílẹ̀ máa ń kọjá sínú ìlú. Ará Ṣáínà á wọkọ̀ kékeré lọ sí erékùṣù, wọ́n á ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ obìnrin, wọ́n á tì wọ́n mọ́lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á pè é fún ìbéèrè. Mélòó ni àtẹ̀gùn ilé yín? Níbo ni àpótí ìrẹsì wà? Ta ló ń gbé ilé kẹta ní ìlà kejì? Ajá wà ńlé? Kànga abúlé ńkọ́, apá ibo ni? Wọ́n á lọ bi bàbá rẹ̀ nínú ìlú ní ìbéèrè kan náà. Bí ìdáhùn kò bá dọ́gba, ọkọ̀ ìpadàsílé. Ẹni tó ra àyè ti gba ìwé àkọ́sórí láti ilé, ojú ìwé púpọ̀, pẹ̀lú àwòrán abúlé tí kò dé rí. Ó ń kà á títí ọkọ̀ fi sún mọ́ èbúté, á wá jù ú sómi. Àwọn alásè àgọ́, tí wọ́n jẹ́ ará Ṣáínà, a máa bá wọn gbé ìwé kékeré wọlé láti ìlú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọmọ gidi náà lè gbàgbé iye àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀, nígbà tí ọmọ orí ìwé kì í gbàgbé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Wong Kim Ark fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1910, wọ́n sì dá a padà.

Àwọn kan lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn lo ju ọdún kan lọ. Wọ́n ń gbẹ́ ewì sára ògiri pákó, ní ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ ewì nílé wọn: ìbínú, àárò ilé, èébú fún aṣọ́bodè. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọ̀dà bò ó, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń gbẹ́ tuntun. Iná jó ilé ńlá àgọ́ náà ní 1940, wọ́n sì pa ibẹ̀ tì. Ní 1970, nígbà tí wọ́n ti ń gbèrò láti wó ìyókù, òṣìṣẹ́ ọgbà ìjọba kan, Alexander Weiss, tan iná sára ògiri, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ewì tó lé ní 200 ni wọ́n ti kó jọ láti ibẹ̀.

Nínú ìlú, ìgbésí ayé ń lọ. Ní 743 òpópónà Washington, ilé tẹlifóònù kan wà fún àdúgbò náà títí di 1949. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ máa fi nọ́ńbà pe ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, nítorí náà àwọn obìnrin tó ń so ìpè pọ̀ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní tẹlifóònù sórí, èyí tó ju 2,000 lọ, wọ́n mọ ibi tí oníkálukú ń gbé, wọ́n sì ń gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀ka èdè. Ilé ìwòsàn tiwọn ṣí ní 1925, nítorí àwọn tó wà nínú ìlú kì í fẹ́ gbà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Bruce Lee sí ní oṣù kọkànlá 1940, nígbà tí bàbá rẹ̀, òṣèré orí ìtàgé, wà ní Amẹ́ríkà fún eré.

Ogun àgbáyé kejì sọ Ṣáínà di ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjọba kó àwọn ará Japan tó ń gbé ní etíkun náà lọ sí àgọ́ ní 1942, àwọn ará Ṣáínà kan fi báàjì sáyà tó sọ pé Ṣáínà ni àwọn. Ẹ̀rù ló fà á, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn ún kà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1943, wọ́n fagi lé òfin 1882. Wọ́n ní kí ará Ṣáínà 105 máa wọlé lọ́dún. Òfin tó jẹ́ kí àwọn sójà mú ìyàwó wọn wá ló tún nǹkan ṣe jù: ilé tí ọkùnrin nìkan wà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ orí ìwé kò sì tíì tán. Ní 1956, nígbà tí ìbẹ̀rù kọ́múníìsì gba Amẹ́ríkà kan, ìjọba ní kí ẹni tó bá wọlé lọ́nà bẹ́ẹ̀ wá jẹ́wọ́. Nǹkan bí 14,000 jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ ti tú àṣírí gbogbo ìdílé orí ìwé rẹ̀, nítorí náà àwọn ìdílé kan pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ lórí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò dákẹ́. Àwọn kan padà sí orúkọ ìdílé wọn gidi, àwọn mìíràn fi ti orí ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Lórí ibojì àwọn àgbà kan, orúkọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi lẹ́tà Ṣáínà kọ sábẹ́ rẹ̀.

Òfin tí Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá 1965 ló ṣílẹ̀kùn gbayawu, fún Éṣíà àti fún Áfíríkà pẹ̀lú. Àdúgbò náà kún àkúnya. Ìdílé kan lódindi ń gbé yàrá kan tí kò ju fíìtì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ilé. Àwọn ọmọ ń lọ sílé-ìwé tí wọn kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Nǹkan bí 1,800 wọn ni wọ́n pẹjọ́ fún, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì tún fohùn ṣọ̀kan ní 1974 pé kíkọ́ ọmọ ní èdè tí kò yé e láìràn án lọ́wọ́ kì í ṣe ìdọ́gba. Lau ni wọ́n ń pe ẹjọ́ yẹn.

Èyí tí ilé-ẹjọ́ kò gbà wọ́n là nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ International Hotel, ní òpópónà Kearny, ní ẹ̀gbẹ́ àdúgbò Ṣáínà. Àgbàlagbà ará Filipíìnì, tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ oko àti ti ọkọ̀ òkun, ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbà ará Ṣáínà. Onílé fẹ́ wó o. Ṣẹ́rífù Richard Hongisto kọ́kọ́ kọ̀ láti lé wọn, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó jáde, òun náà ló padà wá fi òòlù fọ́ ilẹ̀kùn. Òru mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1977 ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kọ́wọ́ lọ́wọ́ yí ilé náà ká. Wọ́n wó o ní 1979. Ihò nìkan ló wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi kọ́ ilé tuntun fún àwọn àgbà tí kò lówó síbẹ̀ ní 2005.

Ariwo yẹn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan. Ní 1978, àwọn ayálégbé Ping Yuen, ilé ìjọba ní àdúgbò náà, kọ̀ láti san owó ilé títí tí ààbò fi dé; ọ̀kan nínú àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ òfin ni Ed Lee, tó di méyọ̀ San Francisco ní 2011, ará Éṣíà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Ní àwọn ọdún 1980, òfin ìlú dá gíga ilé dúró ní àdúgbò Ṣáínà, ó sì mú un nira láti sọ yàrá àwọn tálákà di ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò náà fi ṣì jẹ́ ibi tí èèyàn ń gbé. Ní Washington, ìlú tí àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn ti ń jókòó, àdúgbò Ṣáínà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ẹnu ọ̀nà ńlá rẹ̀ àti orúkọ ìsọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà Ṣáínà kọ.

Ìjà tó kù jẹ́ ti ọ̀nà. Ìsẹ̀lẹ̀ oṣù kẹwàá 1989 ba afárá ọ̀nà ńlá kan tó ń gbé oníbàárà wọ àdúgbò náà jẹ́. Méyọ̀ Art Agnos wó o, àwọn oníṣòwò bínú, Rose Pak ló ṣáájú wọn, obìnrin tí kò dupò kankan rí ṣùgbọ́n tí kò sí olóṣèlú tó lè fojú fò ó. Agnos pàdánù ìbò ní 1991. Ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí dípò afárá náà dé òpópónà Stockton ní oṣù kọkànlá 2022, lẹ́yìn ikú Pak. Nísinsìnyí àwọn ìyá àgbà tí owó ilé ti lé dé Visitacion Valley ń wọ̀ ọ́ tààrà wá ra ẹja àti ewébẹ̀. Orúkọ Pak ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ náà, àwọn ará àdúgbò kan sì tako ó dójú ikú, wọ́n ní obìnrin náà ti sún mọ́ ìjọba Beijing jù. Ìbò mẹ́rin sí mẹ́ta ni orúkọ náà fi wọlé.